Ará Erékùṣù Kì í Gbẹ́yìn

Dígí tuntun kan ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ rà á, ó gùn láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fáànù, ó sì fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí bébà méjì ti wà láti ọdún gbọọrọ. Ó wọn ògiri, ó tún un wọ̀n, ó kanra mọ́ káfíńtà, síbẹ̀ ògiri ò fẹ̀ sí i. Àyè bébà kan ṣoṣo ló máa kù. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò.

Nǹkan kan náà ni bébà méjèèjì ń sọ, àbí kí n ní nǹkan kan náà ni wọ́n ń jà lé lórí: nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin ti orílẹ̀-èdè ayé, ta ló wà nípò kìíní, ta ló tẹ̀ lé e, títí dórí ẹni tó gbẹ́yìn pátápátá. Ti apá ọ̀tún jẹ́ ti Tíṣà, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì. Ti apá òsì jẹ́ ti bàbá Aláwò, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ya àwòrán páìpù níléeṣẹ́ omi. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní tiwọn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí kì í kà á sí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹnu kò lé lórí nìyẹn.

Bí bàbá ṣe ń ṣe tiẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ igba ló wà nínú ìwé rẹ̀, ẹgbẹ̀rún máàkì ló sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Látọjọ́ náà, tí ẹgbẹ́ méjì bá pàdé, ẹni tó borí á gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó pàdánù. Tó bá na ẹni tó jù ú lọ, á gba púpọ̀. Tó bá na ẹni tí kò tó o, díẹ̀ ló máa rí. Ohun tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ló bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, máàkì kankan kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan kì í sì í jáde nínú ìwé. Ohun tí wọ́n gbá lógún ọdún sẹ́yìn ṣì wà nínú iye tí wọ́n ní lónìí.

Tíṣà ní ìranù ni. Ní tiẹ̀, ọdún mẹ́rin péré ni. Eré ọdún yìí á gba máàkì kíkún, ti èṣí á gba ìdajì, bó ṣe ń pẹ́ sí i lá máa joro sí i, tó bá sì ti pé ọdún mẹ́rin, ó ti jáde nìyẹn. "Kí ló kàn mí pẹ̀lú ohun tí àwọn baba arúgbó gbá?" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lórí Ará Erékùṣù ni ìjà ti máa ń gbóná jù. Orúkọ tí bàbá fún orílẹ̀-èdè kékeré kan láàárín òkun nìyẹn, níbi tí àwọn apẹja àti alásè ti ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́. Gbogbo ayé ló ń nà wọ́n. Nínú bébà Tíṣà, ìdí ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà, oṣù wọlé, oṣù jáde. Nínú ti bàbá, ẹnì kan máa ń wà lẹ́yìn wọn. Ogún ọdún! Àwọn tó wá gẹrun á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá, kí ni Ará Erékùṣù fún yín jẹ?" Bàbá ò ní gbójú sókè. "Ìṣirò ni. Ẹ lọ bá ìṣirò jà."

Bàbá kú láàárín ìdíje ńlá ọdún yìí. Lórí ibùsùn ọsibítù, kò sọ̀rọ̀ ilé, kò sọ̀rọ̀ ogún. Ó pe Aláwò, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ó ní, "Máa bá mi kọ ọ́ lọ. Má jẹ́ kí wọ́n já bébà mi." Aláwò ní òun ti gbọ́, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n já a. Ìlérí kan ṣoṣo tí bàbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Aláwò jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú, òun ló ń fá etí gíláàsì kó lè wọ inú férémù. Á wo nọ́ńbà tí dókítà kọ, á fi pẹ́ńsù sàmì sí àárín gíláàsì, á tì í bọ inú ẹ̀rọ tí omi ń ṣàn lé lórí. Tó bá fi ìwọ̀n irun kan ṣì í, orí ni yóò máa fọ́ ẹni tó bá lò ó. Odindi ọdún mẹ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò dá gíláàsì kan padà fún un rí.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sunkún níbi ìsìnkú, kò sunkún nílé. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin wò ó títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òkúta ló wà láyà ẹ ni? Ṣebí bàbá tó fọwọ́ ara ẹ̀ di irun ẹ lọ síléèwé ló lọ yìí?" Aláwò ní, "Òun ni, mà." Kò mọ nǹkan mìíràn tó lè fi kún un. Ó ti wá ìbànújẹ́ náà káàkiri ara rẹ̀, bí ẹni tó ń tú àpò wá kọ́kọ́rọ́. Ó ń fọwọ́ kan gbogbo ibi tó yẹ kó wà, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ń rò ó pé bóyá òun ò fẹ́ràn bàbá òun tó bí òun ṣe rò.

Ní àárọ̀ Sátidé, onígbàjámọ̀ ránṣẹ́ pè é. Ó bá Tíṣà lórí àga, wọ́n ti so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ti gẹ apá kan orí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀, ọmọ mi," ni Tíṣà wí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Irọ́ lo ń pa. Wo ọrùn ẹ."

Onígbàjámọ̀ na kóòmù sí ògiri. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò lè gé dígí sí méjì."

Tíṣà yíjú sí Aláwò. "Bàbá ẹ fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yangàn sí mi létí," ó ní. "Ó ní máàkì kan ò sọ nù rí, máàkì kan ò lé rí. Mi ò tíì rí ẹni tó rò ó pọ̀. Lọ rò ó pọ̀. Ẹgbẹ́ igba, ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan: ọ̀kẹ́ mẹ́wàá géérégé. Tó bá pé, èmi fúnra mi ni màá já tèmi. Tí ò bá pé, tiẹ̀ ló máa kúrò."

"Háà, Tíṣà!" Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ. "Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kú o!"

"Tó bá wà láyé ńkọ́, ṣé kò ní gbà ni? Á ti gbà kí n tó sọ ọ́ tán." Ohùn Tíṣà yí padà. "Ó ń dùn mí, mo ní ó ń dùn mí! Ta ni mo tún fẹ́ máa bá jiyàn báyìí?"

Aláwò ní òun gbà. Kí ló máa bà á lẹ́rù? Bàbá tó ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ṣi ìṣirò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jókòó sídìí tábìlì bàbá, ó kọ iye tí ẹgbẹ́ igba ní sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ó pé ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ó sì lé mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó tún un rò. Mọ́kàndínláàádọ́ta ṣì lé. Ó mú ẹ̀rọ ìṣirò wá láti ibi iṣẹ́, ó ní bóyá ti ilé ló ń ṣàìsàn. Nǹkan kan náà.

Ìwé mọ́kànlá ni bàbá kọ. Tí Aláwò bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin, á ṣí wọn, á máa fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó borí, iye tó gbà, ẹni tó pàdánù, iye tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Wọ́n ń dọ́gba. Ọjọ́ kìíní lọ, ìkejì lọ, kò bínú, kò rẹ̀ ẹ́, kò dùn mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀ ló rí i, nínú ìwé kẹta. Ará Erékùṣù gbàlejò àwọn tó yẹ kí wọ́n nà, àlejò sì nà wọ́n nílé ara wọn. Ìyà ńlá ni: máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó borí ti gba tiẹ̀, bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Níwájú orúkọ Ará Erékùṣù, ìlà tí wọ́n fi rúlà fà wà níbẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Bàbá ò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn.

Ó wo déètì. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Ó tẹjú mọ́ àyè òfìfo yẹn, ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan gbọ̀n nínú òun. Nǹkan kan ò gbọ̀n. Ó sàmì sí ojú ìwé náà, ó sì ń wá méjìdínlógún tó kù. Ó wò ó títí dé ìlà tó gbẹ́yìn tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìlà wíwọ́ tó kọ lórí ibùsùn. Kò rí i.

Nígbà tí Sátidé tún pé, ó kó ìwé kẹta àti ìkọkànlá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá Tíṣà lórí àga tí wọ́n ń gẹ irùngbọ̀n rẹ̀, aṣọ lọ́rùn. Kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Kò pé, sà. Mọ́kàndínláàádọ́ta ló fi lé. Mo ti rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Kí Tíṣà dunnú ló yẹ, àbí? Kò dunnú rárá. Ó gba ìwé kẹta, ó sún awò sókè imú. Nígbà tó rí déètì, ó gbé ìwé náà lé orókún.

"Èmi ni mo mú èsì yìí lọ bá a," ó ní. "Orí bẹ́ǹṣì ló wà níta wọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ faṣọ bo ìyá ẹ lójú ni. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ, ni mo bá ń ka èsì bọ́ọ̀lù fún un, èmi òpònú. Ó yọ ìwé, ó kọ ti ẹni tó borí. Ó wá ní, 'Àwọn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ti pàdánù tó.' Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo pè é."

Onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. "Ogún ọdún la fi ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́," ó ní. "Kí ni Ará Erékùṣù fún un jẹ. Áà, ojú tì mí."

Aláwò fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ìwé kọkànlá. "Ó ku méjìdínlógún, sà. Mo ti wo gbogbo ohun tó kọ pátá. Mi ò rí i."

"Èyí tí ìwọ alára kọ ńkọ́?"

"Èmi?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Tíṣà, èmi kì í ṣàṣìṣe. Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ mi."

Tíṣà ṣí ìwé náà síbi tí ọwọ́ ìkọ̀wé ti yí padà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá péré ni Aláwò kọ. Ìka Tíṣà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé ìkarùn-ún, ó dúró.

"Ọjọ́ wo la sin bàbá ẹ?"

Aláwò sọ ọjọ́ náà. Tíṣà yí ìwé sí i.

Ọwọ́ rẹ̀ ni, kedere, ìkọ̀wé tó tò bí eyín kóòmù. Ẹni tó borí: méjìdínlógún. Ẹni tó pàdánù: ìlà tó fi rúlà fà, àti òfìfo. Ó rántí pé òun kọ nǹkan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tòun ti aṣọ ìsìnkú lọ́rùn, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń kó àga. Kò rántí pé òun fi àyè kankan sílẹ̀. Òun tó ti ń wá àṣìṣe bàbá kiri láti ọjọ́ yìí, kò tiẹ̀ ṣí ojú ìwé tirẹ̀ wò.

Tíṣà na pẹ́ńsù sí i. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ti bàbá ẹ náà, kọ ọ́ síbẹ̀. Á pé géérégé, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó gba pẹ́ńsù. Ó gbé e lé orí ìlà yẹn, níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà. Ọwọ́ tó ń sàmì sí àárín gíláàsì láti ọdún mẹ́sàn-án kò kọ nǹkan kan, ó dá pẹ́ńsù padà fún Tíṣà.

"Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀," ó ní. "Ẹ já tiwa, sà. Kò pé."

Tíṣà dìde tòun ti aṣọ lọ́rùn, ó rìn lọ sídìí ògiri. Bébà apá ọ̀tún ló já. Ó yọ píìnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ká a.

"Tèmi pé," ó ní. "Kò sí ọdún tí kò pé. Mo sì ti wá ọjọ́ tí ìyá ẹ kú nínú ẹ̀ báyìí, kò sí níbẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn ló ti jáde. Ọdún mẹ́rin sí i, bàbá ẹ náà á jáde."

Onígbàjámọ̀ ń wá ìṣó tó máa fi kọ́ dígí, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Aláwò jókòó sórí àga tí Tíṣà dìde kúrò, irun funfun ṣì wà lórí ẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ó ké bí ọmọdé, ó ń pe bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.