Orí Ọfà Tó Ń Ṣí Bí Agboòrùn

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, ìyàwó Orrin Haugstad kú. Ardis ni orúkọ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ló pa á, kò sì kánjú.

Wọ́n sin ín ní Sátidé, ọjọ́ náà gan-an tí ìjọba ìpínlẹ̀ Wisconsin ṣí ìgbà ọdẹ fún àwọn ọlọ́fà. Kò sí ọkùnrin kan tó ṣàròyé. Wọ́n wọ kóòtù dúdú, wọ́n gbé pósí, wọ́n sì dorí kodò létí sàréè bó ti yẹ. Àmọ́ bí pásítọ̀ ti ń ka Ìwé Mímọ́ lọ, akọ àgbọ̀nrín kan yọ lẹ́bàá oko àgbàdo, gbogbo orí tó dorí kodò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí orí adìẹ tó gbọ́ ìró oúnjẹ. Pásítọ̀ pàápàá sọ ìlà tó ń kà nù. Orrin náà wò ó. Ó rí i pé etí rẹ̀ òsì ya, ó sì mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àìsàn wọra tán, ìdí fèrèsé tó kọjú sí igi ápù ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì Ardis sí. Òun ló gbin igi náà. Láràárọ̀ ni elétí yíya yìí ń wá síbẹ̀ wá jẹun, Ardis sì kórìíra rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

"Wo olè," ló máa ń wí. "Ó tún ti mú èyí tó pọ́n jù. Orrin, bí mo bá lọ tán, sọ oníranù yìí di sọ́séèjì."

"Mo gbọ́."

"Àmọ́ kí ó yá o." Ó sinmi díẹ̀ kó tó lè parí ọ̀rọ̀ náà. "Má ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe mí yìí."

Orrin ní òun gbọ́. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà tọrọ nìyẹn. Ojú ọkọ rẹ̀ sì ti rí ikú kan tó falẹ̀ lọ́dún náà. Kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èkejì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n mu kọfí nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin gbé àwo oúnjẹ gbígbóná wá, ànàmọ́ àti ẹran lílọ̀ tí wọ́n fi wàràkàṣì bò mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ebi ló ń pa Orrin. Àwọn ọkùnrin tò wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Duane Pelkey, tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọdẹ nígboro, di ọwọ́ náà mú, kò fi í sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Orrin," ló wí, "orí ọfà wo lo fẹ́ lò lọ́dún yìí?"

"Èyí tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni."

"Èyí tí kì í ṣí yẹn? Láyé ìsinsìnyí?" Duane mi orí. Ó jọ pé ikú Ardis ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n èyí ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

Ní agbègbè náà, ènìyàn lè yí ṣọ́ọ̀ṣì padà kí wọ́n ṣì máa kí i. Orí ọfà ni kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ìjọ kan ń lo èyí tí abẹ rẹ̀ dúró gbọin-gbọin látilé dé oko. Ìjọ kejì ń lo èyí tí abẹ rẹ̀ ká mọ́ra nígbà tó bá ń fò, tí yóò wá ṣí lára ẹran bí agboòrùn. Ìjọ kìíní ní agboòrùn lè kọ̀ láti ṣí. Ìjọ kejì ní abẹ tó dúró gbọin-gbọin máa ń gba afẹ́fẹ́, ọfà a sì máa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Àwọn méjèèjì ní àbúrò tó pàdánù ẹran nítorí orí ọfà ẹnìkejì wọn. Kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, nítorí náà orí ọfà ni wọ́n fi tu Orrin nínú títí wọ́n fi kó àwo nílẹ̀.

Trent, ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló sọ̀rọ̀ jù. Trent ti wo gbogbo fídíò tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Àgbọ̀nrín kan ṣoṣo ló pa rí láyé rẹ̀, mọ́tò ló sì fi pa á.

Òun ló fi mọ́tò gbé Orrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù Duane. Ara ògiri kan kún fún orí ọfà láti òkè délẹ̀, a-fẹ̀jẹ̀-wẹ̀ níhìn-ín, ikú-òjijì lọ́hùn-ún, pẹ̀lú àwòrán agbárí lára páálí. Ká ní orúkọ ń pa ẹran ni, gbogbo àgbọ̀nrín ibẹ̀ ì bá ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ Minnesota tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Èyí ni kí ẹ mú, Bàbá," ni Trent wí. "Ẹ wo bó ti fẹ̀ tó! Ihò tó máa dá sí i lára, ológbò lè gba ibẹ̀ kọjá."

"Èmi kò fẹ́ kí ológbò kọjá," ni Orrin wí. Ó kọjú sí Duane. "Èwo ló ń yára pa ẹran?"

Duane wo èjìká ọ̀tún Orrin, èyí tí dókítà ti là lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o ti dín agbára ọrun rẹ kù?"

"Mo ti dín in kù."

"Nígbà náà, fi ti Trent sílẹ̀. Ṣíṣí yẹn fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú agbára ọfà. Bó bá fẹ̀ jù, yóò ṣí, àmọ́ kò ní wọlé jìnnà. Ẹran á gbé e sá lọ. Mú kékeré yìí, alábẹ méjì, òun náà ń ṣí. Bó bá gba ìhà wọlé dé ẹ̀dọ̀fóró, kò ní pẹ́ rárá."

"Kékeré kẹ̀!" ni Trent wí. "Nínú fídíò tí mo wò..."

"Ta ló fa ọrun nínú fídíò náà?"

"Géńdé kan ni."

"Ìwọ pe géńdé náà kó wá bá bàbá rẹ fà á, kí ó gbé tìrẹ yẹn dání." Duane ṣí páálí kékeré náà. "Orrin, mẹ́ta nínú wọn ló ń pa ẹran. Ẹ̀kẹrin yìí, ìdánrawò ni. Wọ́n ti de abẹ rẹ̀ pa, kò lè ṣí láéláé. Àmì funfun wà nídìí rẹ̀. Má kó wọn pọ̀ o."

Orrin wò ó bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà.

Láti ọjọ́ náà, ó ń ta ọfà lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé. Àgbọ̀nrín tí wọ́n fi fóòmù ṣe ló ń ta, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn nínú, nítorí ìgbàkígbà tó bá ta á, ojú ẹsẹ̀ ló ń kú. Kò sá, kò kérora, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ku ẹlẹ́ran-ara.

Ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí ìrì dídì ti funfun lórí koríko, Orrin gun ègùn rẹ̀ lórí igi óákù kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti òkè níbẹ̀ ó ń wo igi ápù nísàlẹ̀, ó sì ń wo fèrèsé Ardis lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò. Kọ́tìnì bo ojú rẹ̀, kò tíì rí ìdí tó fi yẹ kí òun ṣí i.

Bí oòrùn ti yọ ni elétí yíya dé, kò kánjú, bí onílé. Ó gbóòórùn èyí tó wà nílẹ̀, kò kà á sí. Ó na ọrùn sókè, ó já èyí tó pọ́n. Orrin fa ọrun. Èjìká rẹ̀ fẹjọ́ sùn, kò dá a lóhùn. Ìhà ẹran náà ṣí sílẹ̀ sí i pátápátá. Ó jọ̀wọ́ ọfà.

Àgbọ̀nrín gbọ́ ìró ọsán ọrun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wìì, ọfà fá a lẹ́yìn kọjá, ó fò sókè, ó sì di àwátì lẹ́yìn ọgbà.

Orrin sọ̀ kalẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọgbà, ó padà, ó tún tọ̀ ọ́ lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹ̀kán kan. Ó rí ẹran náà lókè odò, tó ń fi ìrù lé eṣinṣin tí kò sí. Nígbà náà ló tó wá ọfà rẹ̀. Ó fà á yọ nínú ilẹ̀, ó sì nù ún. Abẹ rẹ̀ ká mọ́ra síbẹ̀. Àmì funfun wà nídìí rẹ̀.

Ká ní ó bà á ni, ihò bí ihò ìṣó ni ì bá dá sí i lára. Ẹran náà ì bá gbé e lọ sínú igbó, ì bá dùbúlẹ̀, ì bá dìde, ì bá tún dùbúlẹ̀. Orrin mọ bí ìyókù ti ń rí. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi wò ó láti orí àga ìdí bẹ́ẹ̀dì.

Fóònù ké nínú àpò rẹ̀.

"Bàbá! Ṣé ẹ rí i? Ṣé ó ṣí?"

"Kò ṣí."

"Mo wí! Mo sọ fún yín! Ká ní èyí tó fẹ̀ ni ẹ mú..."

"Trent. Ìdánrawò ni mo ta."

Orrin gbọ́ ohùn kan bí ohùn ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tí ọwọ́ náà kò sì tó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

"Rín ẹ̀rín rẹ tán."

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń rín. Màmá ni mo rántí. Ká ní wọ́n wà lójú fèrèsé yẹn láàárọ̀ yìí, wọn ì bá ti da kọfí sára."

Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sẹ́ni tó dárúkọ obìnrin náà létí Orrin. Ó wo fèrèsé náà.

"Bàbá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Ì bá ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olè yẹn," ni Orrin wí.

"Ẹ ṣì ní mẹ́ta. Ẹ tún lọ lọ́la."

"Rárá. Ardis ní kí ó yá. Ẹni tí kò wo ìdí ọfà rẹ̀ kò tíì tó ẹni tí ń ṣèlérí bẹ́ẹ̀. Ó di àmọ́dún."

Trent kò jiyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Orrin fi fóònù sápò, ó yọ ọfà inú apó tó kù, ó wo ìdí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì wọlé lọ fa kọ́tìnì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lè máa rí igi náà dáadáa.

Ohun tí àgbọ̀nrín náà fi sílẹ̀ nìyí: irun ẹ̀yìn díẹ̀, ó le, ó ní àwọ̀ eérú. Ojú ẹsẹ̀ tó jìn, níbi tó ti fò. Ìgbẹ́ tuntun tó ṣì ń rú èéfín nínú ìrì dídì. Ápù kan tó pọ́n dáadáa, tó jẹ dé ìdajì. Àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò igi Ardis, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ilẹ̀, tí kò ju ti ìṣó lọ.