Wáyà Tí Káfíńtà Fi Dípò Fíúsì

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyàwó káfíńtà ti rọ, kẹ̀kẹ́ arọ oníbátìrì ló fi ń jáde sí ẹnu géètì kó lè rí ojú ènìyàn. Tísà ni tẹ́lẹ̀; kò lè jókòó sínú ilé bí ẹrù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ki ṣájà kẹ̀kẹ́ náà bọ iná, ṣájà ò tàn.

"Bàbá àwọn ọmọ, nǹkan yìí ti kú o."

"Kò kú, Tísà. Ó dákú ni."

Ọkọ rẹ̀ mú sukudiráfà, ó tú u palẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Fíúsì inú rẹ̀ ti jó dúdú. Kò sí òmíràn nílé, ibi tí wọ́n ti ń tà á sì jìnnà. Ó bó wáyà kan, ó fi so ẹnu méjèèjì ibi tí fíúsì wà pọ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó jó ti àkọ́kọ́.

"Káfíńtà! Ìṣó ló kù kí o kàn mọ́ ọn."

Iná pupa ara ṣájà tàn. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ jókòó lé, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí obìnrin náà fi gbọ́ òórùn ike tó ń jó. Èéfín àti iná ń yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó nawọ́ sí wáyà ṣájà kó lè yọ ọ́, ọwọ́ kò tó o. Ó ké títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ló bá ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì ti bá a, tó fà á jáde.

"A dúpẹ́, n ò jóná," ó ní.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni aránṣọ ń wò. Aṣọ ti jó lẹ̀ mọ́ ọn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, obìnrin náà kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ṣe é ṣe é, egbò náà kọ̀, ó ń rà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà.

Káfíńtà jókòó tì í. "Bú mi. Jọ̀ọ́, sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Ẹsẹ̀ tí n ò fi rìn ni." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àmọ́ ìgbà tí wọ́n gé e tán ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí."

"Níbo ló ti ń dùn ọ́?"

Ó nawọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí kò sí nǹkan kan. Káfíńtà gbé ọwọ́ lé ibẹ̀, ó ń fi í pa aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì jẹ́jẹ́, títí ìyàwó rẹ̀ fi sùn lọ.