Ìgbà Tí Wọ́n Ń Pè Mí Ní "Ìwọ"

Lọ́dún 1938, wọ́n fi mí ṣe ọkùnrin nínú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan ní Stockholm. Ọmọbìnrin tí mo ṣe nínú ẹ̀ gé irun, ó wọ ṣòkòtò, ó lẹ irunmú mọ́ ètè, ó parọ́ pé Sixten lòun ń jẹ́, kí wọ́n lè gba òun síṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má wò mí báyẹn. Ó pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Èmi Sigbrit Almlöf, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò lọ́kọ, ìyá mi sì ti kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní "ìwọ" mọ́. Láyé ìgbà yẹn, oyè la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. "Ṣé Omidan Almlöf máa mu kọfí?" Omidan Almlöf á mu ún, òun nìkan.

Lọ́jọ́ kẹta iṣẹ́, Ragnvald Hellgren, ọ̀gá àwọn tó ń tan iná sí wa lójú, bá mi níbi tí mo ti ń fi kọfí jẹ búrẹ́dì nínú ṣòkòtò mi. Ó jókòó tì mí.

"Ọ̀gbẹ́ni Sixten, èmi ni àgbà, èmi ló tọ́ sí láti sọ ọ́. Ṣé ká pa oyè tì?"

"Ó pẹ́ tí mo ti ń retí ẹ̀, Ragnvald."

"Ìwọ ọmọ yìí, irunmú ẹ ti já sínú kọfí."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti wọ ṣòkòtò, á ní, "Ìwọ Sixten, ṣé o ti jẹun?" Tí mo bá wọ síkẹ́ẹ̀tì padà nírọ̀lẹ́, á ṣí fìlà, á ní, "Ó dàárọ̀, Omidan Almlöf." Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú ṣòkòtò. Mo ti fẹ́ràn ọkùnrin náà, ẹ̀yin èèyàn mi.

Lọ́jọ́ tá a parí iṣẹ́, wọ́n gba ṣòkòtò lọ́wọ́ mi. Èmi àti ẹ̀ la jọ dúró de ọkọ̀ nínú òtútù.

"Àárò Sixten á máa sọ mí," ó ní. "Kò rán Omidan Almlöf sí mi?"

Láàárín ọkùnrin àti obìnrin, obìnrin ló máa ń sọ pé ká pa oyè tì. Ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ragnvald sì lẹ́kọ̀ọ́. Ó ń dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, àmọ́ ẹ̀rù bà mí pé bóyá Sixten ló fẹ́ràn, kì í ṣe èmi.

"Rárá," mo ní. "Kò rán mi ní nǹkan kan. Ó dàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Hellgren."

Ó ṣí fìlà, ó wọ ọkọ̀ lọ. Mi ò rí i mọ́.

Lóde òní, gbogbo Sweden ti pa oyè tì. Dókítà ń pè mí ní "ìwọ", ọmọ tó ń ta wàrà ń pè mí ní "ìwọ". Ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ti di ohun tí kálukú ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.