Ìka Méjì Tí Wọ́n Fi Kún Un

Ẹ wo àyà ọkùnrin náà! Máníjà ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì ló wọ sítúdíò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó nàka sí àwòrán tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ kàn bá wa fi ìka méjì kún ọwọ́ obìnrin yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣe." Bí ẹni tó ń ní kí wọ́n bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Àǹtí Fọ́tò ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ń tún àwòrán ṣe ní sítúdíò náà. Obìnrin tí wọ́n ń sọ yìí, àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ tó gbé pọ̀n dàgbà. Ní èṣí ni ẹ̀rọ kejì tó ń tẹ ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ nílé-iṣẹ́ yẹn gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti yọ irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà kí iṣẹ́ lè yá. Máníjà ní oorun ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Irin yẹn ò tíì padà síbẹ̀ títí di bí a ṣe ń wí yìí. Wọ́n wá ya àwọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán wọn ńlá kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin yìí ò sì fẹ́ kí àbùkù kankan hàn níbẹ̀.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tí..." ni Àǹtí Fọ́tò bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, oní-sítúdíò, já a gbà lẹ́nu rẹ̀. "A ó ṣe é, sà. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ wá gbé e."

Nígbà tí máníjà jáde, Àǹtí Fọ́tò ní, "Ọ̀gá, àbúrò mi nìyẹn o."

"Mo mọ̀. Ṣé èmi ni mo gé e lọ́wọ́ ni? Jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ, jàre."

Ó jókòó. Tìbínútìbínú ló fi jókòó, ó ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń gbá wọn létí. Ó kọ́kọ́ tẹ́ ìpele kan lé orí àwòrán náà, ìpele tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó fi jẹ́ pé ohun yòówù kó ṣe, orí gíláàsì yẹn ni yóò wà, tìsàlẹ̀ ò ní bà jẹ́. Ó gé ìka méjì nínú ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀, ó yí wọn padà bí dígí ṣe máa ń yí èèyàn padà, ó gbé wọn sí ọwọ́ ọ̀tún. Wọn ò jókòó. Ọ̀dọ̀ fèrèsé lápá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti wá nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò náà, àwọn ìka tó yí padà sì gbé ìmọ́lẹ̀ tiwọn bọ̀ láti apá ọ̀tún. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé nǹkan kan ò dáa, bí ò tilẹ̀ lè sọ pé ohun báyìí ni. Ó bá pa ẹ̀gbẹ́ kan dúdú díẹ̀, ó tan èkejì. Ó kun òjìji tín-ín-rín sábẹ́ ìka lórí aṣọ. Ó mú kí etí wọn rí fírífírí, torí kò sí ohun tí kámẹ́rà yà tí etí rẹ̀ ń mú bí ohun tí sáàsì gé. Lẹ́yìn náà ló wá bu eruku wínníwínní tó máa ń wà nínú fọ́tò sí i, kí ó lè bá ìyókù mu.

Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí kò lè dárí rẹ̀ jin ara rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Ìbínú rọlẹ̀, obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ ahọ́n! Ó fa ọwọ́ náà súnmọ́ títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà, kò rí ojú àpá kankan. Háà! Ọwọ́ àbúrò òun ló pé pérépéré báyìí, ọwọ́ tó máa ń di irun òun. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀bùn nìyí. Ayọ̀ òpònú yẹn ló fi pa gbogbo ìpele pọ̀ di ẹyọ kan, tó sì tọ́jú rẹ̀ lé orí ojúlówó àwòrán náà tí ìyẹn fi pa rẹ́, ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń bú àwọn ọmọṣẹ́ lé lórí. Káàdì kámẹ́rà ńkọ́? Wọ́n ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti Sátidé, torí iṣẹ́ mìíràn.

Ó tẹ ẹ̀dà kékeré kan síta, ó gbé e lọ sílé nírọ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ ń lọ aṣọ iṣẹ́.

"Mo ní nǹkan fún ọ," ni Àǹtí Fọ́tò wí.

Àbúrò rẹ̀ gbà á, ó wò ó títí. "Ọwọ́ ta nìyí?"

"Tìẹ ni. Tòsì rẹ ni mo yí padà, mo wá..."

"Mo ní ọwọ́ ta nìyí!" Ó ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ gbàà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bẹ̀ yín? Nígbà tí wọ́n ń yà wá, àyà mi ni mo gbé ọwọ́ yìí lé, mo nà án gbọọrọ. Ṣé ẹ rò pé n ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn ni?"

"Mo rò pé inú rẹ á dùn."

"Inú mi á dùn! Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin tuntun sídìí ẹ̀rọ yẹn, kò sì mọ̀ mí rí, torí ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún, níbi tá a ti ń di búrẹ́dì sí ọ̀rá, ni wọ́n gbé mi lọ. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, kó máa rí i láràárọ̀ kó tó wọlé, kó lè béèrè. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ nínú gbogbo ariwo àwòrán yìí. Ẹ̀yin lẹ wá bá wọn pa á rẹ́. Ẹ̀yin!"

Àǹtí Fọ́tò bẹ̀rẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò nílẹ̀. Ojú tì í dé ìka ẹsẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sáré dé sítúdíò, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀gá ní, "Máníjà ti wá gbé e. Ó ní o káre." Káre! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ la kámẹ́rà mọ́lẹ̀. Kámẹ́rà yẹn náà ló sì gbọ́dọ̀ gbé lọ lọ́sàn-án, torí òun ni wọ́n háyà pé kó wá ya ayẹyẹ ṣíṣí àwòrán náà.

Gbogbo òṣìṣẹ́ ló pé sẹ́nu ọ̀nà. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó fa aṣọ kúrò lójú àwòrán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò Àǹtí Fọ́tò bá jáde láàárín wọn. Ó lọ dúró ti àwòrán, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tó pé yẹn. Ìka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka márùn-ún. Àtẹ́wọ́ já lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sáàyè yín," ni máníjà wí.

"Ààyè mi rèé. Ẹ wò ó dáadáa, gbogbo yín. Méjì tí wọ́n bí mọ́ mi, ẹ̀rọ kejì ló jẹ wọ́n."

"Irọ́ ni!"

"Irọ́ kọ́!" Àǹtí Fọ́tò ò mọ ìgbà tí ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni mo fi ìka yẹn kún un. Ìwọ máníjà yìí lo ní kí n fi kún un, níwájú mi lo ti sọ ọ́, aláìnítìjú!"

Ọmọbìnrin kan tí ìyẹ̀fun kún apá rẹ̀ jáde síwájú. "Ẹ̀rọ kejì? Níbi tí mo wà?"

"Níbi tó o wà," ni àbúrò Àǹtí Fọ́tò dá a lóhùn. "Irin ló yẹ kó bo ẹnu rẹ̀. Ṣé o rí irin kankan níbẹ̀?"

Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Aago iṣẹ́ dún, máníjà sì pariwo pé kí gbogbo wọn wọlé kíá. Ọmọ náà ṣí fìlà iṣẹ́ lórí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ àwòrán, ó ní òun ò wọlé títí irin yẹn á fi padà. Obìnrin kan láti ìdí ààrò wá jókòó tì í. Èkejì tẹ̀ lé e.

Àǹtí Fọ́tò gbé kámẹ́rà sójú.

"Má ya ìyẹn!" ni máníjà jágbe, ó ń bọ̀ wá já a gbà.

Ó yà á. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n fún ìbínú, àwòrán náà sì rí fírífírí díẹ̀ létí kan. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.