Ohùn Àǹtí Wàsílátù Lórí Pèpéle

Láti ìgbà tí Mùnírátù ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Jabi, ní Àbújá, ló ti ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Wàsílátù, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Nyanya. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé náà. Inú pálọ̀ ni àǹtí ti ń rán kọ́tìnnì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Garki, ibẹ̀ náà ni Mùnírátù sì ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Sosiọ́lọ́jì ló ń kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ aráyé ṣe ń bá ara wọn gbé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ méjì mìíràn kún un, òun sì mú èdè Sípéènì àti ìtàn sísọ.

Àǹtí Wàsílátù kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn sí ìròyìn kíláàsì ju bí inú ẹni tó lọ kíláàsì ti ń dùn lọ. "Kí lẹ kọ́ lónìí?" ni yóò bi ọmọ náà kó tó bọ́ bàtà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ bí àwọn ará Sípéènì ṣe ń kíra láàárọ̀, ó ní kí Mùnírátù tún un pè títí ó fi mọ́ òun náà lẹ́nu. Ilẹ̀ mọ́, ó fi kí Àbọki tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà: "Buwénọ́s díyás o!" Àbọki ní, "Kai! Madam, èwo tún nìyẹn?" Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé búrẹ́dì.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Àǹtí kàn ṣàdédé gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀.

"Múní, Ṣèyí tẹ́ ẹ mọ̀ sí àbúrò mi, èmi ni mo bí i. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ní Kàbà. Màámi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn làwọn bí i, kí ojú má baà tì wá. Yàtọ̀ sí ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó mọ̀."

Mùnírátù gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ó máa ń pè mí ní àǹtí, màá dá a lóhùn," ni àǹtí wí. "Ṣùgbọ́n bí mo bá délé ní Iléyá yìí, mo fẹ́ jókòó tì í, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún un. Ó ti tó gbọ́." Ó ṣa òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù.

Ní kíláàsì ìtàn sísọ, ìtàn Mùnírátù kò tíì dùn létí ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, olùkọ́ wọn, ti sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé ìtàn rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Nígbà tó tún kàn án, ó dìde, ìtàn àǹtí rẹ̀ ló sì bọ́ sí i lẹ́nu. Ó yí orúkọ padà, ó sọ Kàbà di Ìlọrin, ṣùgbọ́n ohùn àǹtí kò yí padà. Ó fi ohùn ará Kàbà náà fa ọ̀rọ̀ gùn bí àǹtí ṣe máa ń fà á, ó ká ẹnu sókè bí àǹtí ṣe máa ń ká a. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà tó sì dé ibi ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ ní àǹtí, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá ní Mùnírátù ni yóò sọ̀tàn lọ́jọ́ àjọ̀dún kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n ṣe ìdánwò Sosiọ́lọ́jì. Wọ́n bi wọ́n pé kí ló yẹ kí ènìyàn ṣe kó tó lo ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá a sọ. Mùnírátù kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu ẹni náà. Ó gba gbogbo máàkì ìbéèrè náà. Nígbà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Jabi, ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti yí orúkọ padà, pé níbo ni àǹtí ti fẹ́ gbọ́.

Kò sọ nílé pé àjọ̀dún kankan wà. Ṣùgbọ́n Olúfúnkẹ́, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé ládùúgbò, wá gba kọ́tìnnì ìyá rẹ̀, ó sì kí àǹtí kú oríire ọmọ tó fẹ́ sọ̀tàn lójú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Mùnírátù ti wọnú ìtàn náà dáadáa lórí pèpéle kó tó rí àǹtí rẹ̀. Àǹtí jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nínú híjáàbù tuntun, ó gbé kúlà ìrẹsì lé itan. Mùnírátù ì bá dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, ì bá yà á sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí wọ́n ń rín dùn mọ́ ọn. Ó gbójú kúrò níbi tí àǹtí wà, ó sì tún fa ohùn náà gùn sí i.

Nígbà tó parí, àǹtí pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó bu ìrẹsì fún àwọn ọ̀rẹ́ Mùnírátù. Wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì padà sí Nyanya.

"O sọ ọ́ dáadáa," ló wí nígbà tí wọ́n wọlé. "Ṣé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Mùnírátù kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Dìde. Mo ní kọ́tìnnì tí mo fẹ́ rán."

Ì bá mà ṣe pé ibẹ̀ ló parí sí. Ẹnìkan ti fi fóònù ká ìtàn náà sílẹ̀, ó gbé e sórí Wásáàpù kọ́lẹ́ẹ̀jì. Fídíò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Kàbà ní Àbújá, àwọn yẹn fi ránṣẹ́ sílé. Orúkọ tí Mùnírátù yí padà kò bo nǹkankan. Ẹni tó bá mọ Mùnírátù mọ àǹtí rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ àǹtí rẹ̀ mọ ohùn yẹn. Ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò, wọ́n sì yọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Iléyá kò tíì dé nígbà tí Ṣèyí pè. Àǹtí ń rán aṣọ lọ́wọ́, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ṣí sípíkà rẹ̀, nítorí náà Mùnírátù gbọ́ ohun tí Ṣèyí sọ.

"Wọ́n ní èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀rín nínú fídíò yẹn. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ wá…"

"Gbogbo Kàbà gbọ́ kí n tó gbọ́."

Ṣèyí gé fóònù. Àǹtí lọ sílé ní Iléyá bó ti wí, ṣùgbọ́n Ṣèyí ti gba Lọ́kọ́jà lọ kó tó dé.

Mùnírátù náà pe Ṣèyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé e, ó ní, "Kí lo tún fẹ́ sọ tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ?"

Àǹtí kò lé Mùnírátù jáde. Ó ṣì ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń bi í bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n bí Mùnírátù bá wọlé tó bá a níbi tó ti ń bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àǹtí á rọra sọ pé, "Ẹ dúró ná, n ó pè yín padà," á sì gbé fóònù sílẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi jáde.