Ẹni Tó Ń Pariwo ní Àdúgbò Àyà Ìyá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ àlá tí mo lá lóru àná fún yín, kí n tó gbàgbé rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyá mi rí kókó kan lọ́mú òsì, tó sì ń sọ pé òun ò lọ sí ọsibítù kankan. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń fún ní ẹlẹ́rìndòdò, á sì bá wọn mu ún, torí kì í jẹ́ kí àlejò mu nǹkan nìkan.

Nínú àlá náà, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan pè mí lórí tábìlì wa. Ó ní, "Fọlárànmí, wá wo ibi tí mò ń lọ." Mo tẹ̀ lé e wọ inú àyà ìyá mi. Àdúgbò ni. Ó ní títì, ó ní gọ́tà. Ọkùnrin kan ń ti ọmọlanke tó kún fún ṣúgà láti ojúlé dé ojúlé.

"Ínsúlínì lorúkọ mi," ló wí. "Èmi ni mo ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọlé fún àwọn onílé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Ní báyìí ilé ti kún, wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Àfi kí n máa pariwo."

Ó pariwo. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Àmọ́ ilé kékeré kan tó rí bíi kókó ní kọ̀rọ̀ gbọ́ ọ, ó sì fi yàrá kan kún ara rẹ̀ lójú mi.

"Bí mo bá ti ń ké báyìí," ni ọkùnrin náà wí, "ṣe ni ìyẹn máa ń rò pé mo ní kó máa kọ́lé lọ."

"Ṣé jẹjẹrẹ ọmú ni?"

"Ẹrù ni mo ń tì, èmi kì í ṣe dókítà. Lọ bi ọ́fíìsì."

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé kíkọ́ ń léfòó lókè òrùlé. Mo gun àkàbà lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ so táì. Mo bi í pé ta ló jẹ̀bi: ṣé ẹlẹ́rìndòdò ni, àbí ìjókòó Màmá látàárọ̀ dalẹ́, àbí ohun tó wà nínú ìdílé wa? Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ kí gbogbo ìbéèrè ní ìdáhùn kan ṣoṣo.

"Gbogbo wọn lè lọ́wọ́ sí i," ló wí. "Ó sì lè má sí èyí tó lọ́wọ́ sí i. Àwọn kan ń rìn, wọ́n ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ, ó ṣì mú wọn." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ táì rẹ̀. "Ẹlẹ́bi lò ń wá kiri. Ta ló ti lọ wo ilé náà?"

Ọ́fíìsì mì tìtì. Ìyá mi ti dìde, ó ń rìn. Ilẹ̀kùn àwọn ilé tó wà lọ́nà itan ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọlanke ń fúyẹ́, ohùn ọkùnrin náà rẹlẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Inú mi dùn. Mo wá wo kọ̀rọ̀. Ilé kékeré náà kò wó. Iná ń tàn nínú yàrá tuntun rẹ̀.

"Màmá, ìrìn yẹn dáa," mo wí, "àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó."

Ohùn rẹ̀ wá láti ibi gbogbo. "Ojoojúmọ́ lò ń bi mí pé kí ló fà á. O ò bi mí rí bóyá ẹ̀rù ń bà mí."

Òbúkọ náà fi ìyókù táì rẹ̀ nu ojú mi.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn yàrá mi jẹ́jẹ́, bíi pé kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Mo ṣí i. Ìyá mi ló dúró níbẹ̀, ó ti wọ bàtà.

"Wọ́n ní kí èèyàn tètè dé ọsibítù kí èrò tó pọ̀," ló wí. "Ṣé o máa jókòó tì mí?"

"Mo máa jókòó, mà. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí," ló wí. "Lọ bọ́jú."