Ikùn Onígbàjámọ̀

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe onígbàjámọ̀ náà, nítorí láti ìgbà tó ti ń fi abẹ kan orí ènìyàn, kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fọ́fọ́, ó ń gẹ irun tíṣà kan lọ́wọ́ nígbà tí tíṣà ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń tì mí léjìká kó rọra."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ẹnì kankan. Ìgbà tí àwọn méjèèjì gbójú sókè wo dígí ni àṣírí tú: ikùn onígbàjámọ̀ ló sùn ti èjìká tíṣà, tó wà níbẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó sanwó ìjókòó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń dúró de tirẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà tó délé, ó rojọ́ fún ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó gbé ìwọ̀n sílẹ̀, ó ní kó gun orí rẹ̀.

"Ẹ ò sanra, bàbá àwọn ọmọ. Kílò mẹ́rin péré ló lé."

"Mẹ́rin péré? Kí oṣù yìí tó parí, màá ti lé wọn jáde."

Ó fi ṣúgà sílẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òógùn á sì ti bò ó kó tó ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rù. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ara le. Ẹnì kan tiẹ̀ gbàdúrà fún un kó tó jókòó. Ikùn nìkan ni kò gbọ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Kílò kan lọ, mẹ́ta yòókù fẹsẹ̀ múlẹ̀.

"Mi ò jẹun mọ́ o," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni mò ń jẹ. Àbí ìwọ̀n rẹ ló bàjẹ́?"

Ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn lọ́sẹ̀ náà. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í sinmi. Lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ ọmọ wọn ṣe ń kó àwo kúrò lórí tábìlì, ni Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Àna mi, ẹ má bínú o. Kí lẹ̀ ń jẹ yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò jẹ nǹkan kan, Mà. Àwo ni mò ń kó."

"Kí ló wá wà lẹ́nu yín?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fọwọ́ kan ẹnu. Búrẹ́dì tí àkọ́bí rẹ̀ jẹ kù ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ó ti fi ṣíbí gbá ìrẹsì tó kù nísàlẹ̀ àwo ọmọ kejì sẹ́nu.

"Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ," ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. "Ìpalẹ̀mọ́ ni."

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fèsì, ẹ̀rín ò jẹ́.

Onígbàjámọ̀ pinnu pé òun ò ní fi ẹnu ṣe ìpalẹ̀mọ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó kó àwo, ó di ẹnu pa. Ó wá ku àwo àbíkẹ́yìn. Ìlàjì ẹyin wà nínú rẹ̀, tó ń dán. Ó wo ẹyin, ẹyin wò ó. Ó gbé itọ́ mì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Dádì, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?" ọmọ náà béèrè, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kí ló dé tí màá fi bínú sí ẹ?"

"Ẹ ò jẹ ẹyin yín. Mo máa ń ṣẹ́ ẹ kù fún yín, torí ẹ fẹ́ràn ẹ̀."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé àwo náà sílẹ̀. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà kì í lè jẹun tán ni. Ó gbé e lé itan. "Ìwọ lo ni ín. Ṣé wàá lè jẹ..."

Ọmọ náà ò jẹ́ kó sọ tán. Ó ti ki ẹyin bẹnu. "Ó ti ń wù mí jẹ tipẹ́," ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu tó kún.

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ ń bu ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kílò méjì tún lọ. Ọ̀kan kọ̀ jálẹ̀, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò sì bá a jà mọ́. Ó kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga oníbàárà ni.

Nígbà tí Màmá tún wá, wọ́n fa àbíkẹ́yìn mọ́ra, wọ́n fọwọ́ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti yọ bọ̀ǹbọ̀.

"Haà, àna mi," ni Màmá wí, "ẹ má wá àwọn kílò yẹn kiri mọ́. Mo ti rí wọn."